Nítorí Ọwọ́ Ọ̀tún Lianke

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ẹnubodè Ìlà-Oòrùn,
                                        Yongnian, Hebei.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 1987.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Luan Shiquan,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ẹ kú òtútù, ẹ kú àìríra. Ṣé ikọ́ yẹn ti fi yín sílẹ̀? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kó máa gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́ ní Cangzhou níbẹ̀? Ìyá Lianke ní kí n kí yín. A ti kó kábéèjì ìgbà òtútù jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n n kò tíì bò ó, mo sì mọ̀ pé yìnyín yóò bà á jẹ́. Gbogbo nǹkan ni mo ń gbàgbé.

Mo mọ̀ pé ẹ lè má fẹ́ ka ìwé mi. Láti ìgbà ìsìnkú Ọ̀gá Pang tó kọ́ wa ní ìjà ni ẹ kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dùn yín pé Ọ̀gá pín ẹ̀kọ́ ìka sí méjì: ó fi bí a ti ń lu ojú iṣan kí ẹ̀yà ara kú hàn mí, ó sì fi bí a ti ń tú u hàn yín, ó ní kí ẹnìkan má ṣe kó méjèèjì pọ̀, kí a má sì kọ́ ara wa. Ẹ ní ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú mi wọ ilé rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ lílù náà tọ́ sí. Ṣé ẹ rántí ohun tó sọ? "Shiquan, ìwọ tètè ń bínú. Ojo là ń fún ní ọ̀bẹ, kò ní tètè yọ ọ́." Èmi ni ojo náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ojo ti yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Lianke ọmọ mi ń fi ọwọ́ ti ara wa síwá sẹ́yìn lórí odi ìlú, ìdárayá àwa oníjà. Kò sí agbára nínú rẹ̀, a kàn ń lọ a ń bọ̀ bí omi inú ọpọ́n. Cui tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe jókòó nítòsí, ó ń fi eyín fọ́ kóró bàrà. Ẹ mọ̀ pé ilé oúnjẹ ni Lianke ti ń ṣiṣẹ́, tó ń fi ọwọ́ fa ìyẹ̀fun pípò gùn di okùn tín-ín-rín fún ọbẹ̀ àgùntàn. Ni Cui bá ní, "Lianke, baba rẹ kì í ṣe ìyẹ̀fun o. Àbí bàbá arúgbó yìí ti wúwo jù fún ọ ni?" Cui bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ mi, ó sì fi gbogbo èjìká tì mí. Ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Kí n tó mọ̀, ìka mi ti wọ inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, agogo ọ̀sán sì ń lù lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀sán gangan! Ẹ mọ ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lákòókò yẹn, láti ọkàn títí dé ìka ọmọńdinrín. Ká ní ìrọ̀lẹ́ ni, bóyá ǹ bá rí oorun sùn.

Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Baba, ẹ ti fi iná mànàmáná kàn mí." Nígbà tí a jókòó oúnjẹ alẹ́, igi ìjẹun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka ọmọńdinrín ti kú. Ilé ìwòsàn ní eegun kò ṣẹ́, kó sinmi. N kò lè sinmi ní tèmi. Mo rò ó pé bí mo bá tẹ ojú iṣan náà ní ìdàkejì, yóò tú. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìka tó tẹ̀ lé e náà kú.

Abọ́ ni ó ń fọ̀ báyìí níbi tí ó ti jẹ́ ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ wò mí lánàá, ó ní, "Baba Lianke, ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i." Kọ́kọ́rọ́ wà ní Cangzhou.

Ọ̀gá ní bí oṣù tuntun bá lé bá ọwọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí láé. Oṣù ti ń dín. N kò ní kí ẹ kọ́ mi. Ẹ kàn fi ọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ṣì ń bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Mo ń bọ̀ wá fi orí kanlẹ̀ níwájú yín, bí ẹ tilẹ̀ fi ọdún méjì kéré sí mi. Ẹní bí ọmọ kì í sá fún ìtìjú.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì kí àwọn tó ṣì rántí Ọ̀gá níbẹ̀.

N kò fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀rù bà mí pé ẹ kò ní ṣí i. Lianke fúnra rẹ̀ ni mo fi rán. Òun ní ìtàn àwọn àgbà ni gbogbo rẹ̀, kí èmi lè sùn ló ṣe gbà láti wá. Ẹnu ọ̀nà yín ni ó dúró sí báyìí. A kọ́ ọ dáadáa pé ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń fún àgbà ní nǹkan. Ẹ má bínú pé òsì nìkan ni ó nà sí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀tún.

                                        Èmi ni àbúrò yín nílé Ọ̀gá Pang,
                                        Hao Jingzhai.