Olójú Mẹ́jọ Níbi Ìkórè

Osi,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Oṣù Kejìlá.

Ìyá Misturah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí orúnkún rẹ tí kì í fẹ́ràn ọyẹ́. Kí Ọlọ́run fi ìrọ̀rùn sí gbogbo ibi tó ń ro ọ́. Ara tèmi le. Eruku ti bo ewé kaṣú níbí, ètè ń bó, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo sì ń sùn dáadáa, ohun yòówù kí wọ́n ti sọ fún ọ.

Iṣẹ́ tí o rán Misturah sí mi lórí fóònù ti dé etí mi. O ní kí n sun fọ́tò náà kí ìjà lè parí, kí n sì wá sinmi lọ́dọ̀ rẹ ní Ìlọrin títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọlẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. N kò ní sun ún, n kò sì ní wá. Jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí ẹni tó sọ ọ́ fún ọ kò sí níbẹ̀.

O mọ iṣẹ́ tí mo gbé lé ọwọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Lówùúrọ̀, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí kòkòrò lè sáré, mo máa ń gbé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì tí ń sọ ohun bíńtín di ńlá, màá lọ lóṣòó sí ẹ̀bá oko iṣu tàbí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màá séèémí, torí pé bí èémí bá mi ọwọ́ mi báyìí, gbogbo rẹ̀ á di kùrukùru. Mo ti ya ìrẹ̀, mo ti ya oyin, mo ti ya èèrà tó ń wọ́ ìyẹ́ eṣinṣin lọ sílé. Àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ sí Iloffa a máa ké sí mi pé, "Ìyá Gideon, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?" Mo ti mọ́ wọn lára.

Nínú ìjọ wa, bí ìkórè bá dé, oníkálukú ló ń mú èso iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ. Àgbẹ̀ á gbé iṣu, aránṣọ á mú aṣọ, ọdẹ á gbé ẹran ìgbẹ́, lẹ́yìn náà a ó lu gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo. Lọ́dọọdún, iṣu tí mo rà lọ́jà ni èmi ń gbé lọ, ó sì máa ń dà bí irọ́ lójú mi. Lọ́dún yìí mo ní kí n má parọ́ mọ́. Mo fi férémù sí fọ́tò kan tó fẹ̀ tó fèrèsé, mo gbé e síwájú. Aláǹtakùn ni, irú èyí tí kì í ta àwọ̀n de ẹran, tó jẹ́ pé fífò ló ń fò mọ́ eṣinṣin lára ògiri. Lójú lásán, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Nínú fọ́tò, o rí ojú mẹ́rin níwájú àti mẹ́rin lókè orí, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, àti irun funfun lẹ́nu rẹ̀ bí irùngbọ̀n baba àgbà.

Prosper tó ń lu gbàǹjo gbé e sókè. Ẹnì kan wá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní, "Ojú mẹ́jọ! Ta ni Ìyá Gideon fi ń ṣọ́?" Òmíràn dáhùn pé abájọ tí mo fi ń lóṣòó nínú igbó láàárọ̀ kùtù. Kò sẹ́ni tó náwó lé e. Kí a tó túká, àwọn kan ti ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ara wọn.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ránṣẹ́ pè mí. Bàbá Ìjọ Lazarus Ògúnjìnmí ni olórí wọn, ó sì fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sun fọ́tò náà lójú wọn nínú ọgbà, tàbí kí n kúrò lórí àga mi láàárín ẹgbẹ́ ìyá, àga tí mo ti ń jókòó sí láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi.

Mo ní, "Bàbá, inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo ti yà á, lójú fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín. Bó bá jẹ́ ohun burúkú, ẹ kọ́kọ́ wó fèrèsé yẹn." Gbogbo wọn hó lé mi lórí. Wọ́n ní mo ń fi ìjọ wọ́lẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń hó ni mo ti rí irú aláǹtakùn náà kan lára ògiri, lókè èjìká Bàbá Ìjọ, tó ń yí ojú tẹ̀lé eṣinṣin kan. Mo nàka sí i. Bàbá bọ́ bàtà, ó là á mọ́ ògiri. Aláǹtakùn fò, ó bà sórí fìlà tí Bàbá gbé lé orúnkún. Bàbá gan pẹ̀lú bàtà lókè. Kámẹ́rà mi kì í jìnnà sí mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ má mira, Bàbá. Ẹ bá mi séèémí díẹ̀." Ó séèémí. Mo yà á. Akọ̀wé wọn, Susanna, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Bàbá, ó ń wò yín o." Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ẹni méjì. Bàbá bi mí bóyá ó ń gé ènìyàn jẹ. Mo ní eṣinṣin nìkan ló yẹ kó máa bẹ̀rù. Ó gbọn fìlà náà síta lójú fèrèsé, kò sì tẹ̀ ẹ́ pa.

Má rò pé ibẹ̀ ni ìjà parí sí. Wọ́n ránṣẹ́ pé mo lè ní àga mi, bí mo bá fi aṣọ bo fọ́tò náà nílé, tí n kò sì gbé irú rẹ̀ wá mọ́. Mo dá wọn lóhùn pé n kò ní bò ó. Ó wà ní ìta ilé mi, ó kọjú sí títì, àwọn ọmọ iléèwé sì ń dúró ka ojú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń jókòó sórí àga mi. Ẹni tó ní òun yóò gbé mi dìde kò tíì dìde fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, má ṣètò yàrá sílẹ̀ dè mí. Bí orúnkún bá gbà fún ọ, ìwọ ni kí o wá, kí o wá bá mi di iná tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí mo bá ń ya ìrẹ̀. Kí Ọlọ́run tó dá ojú méjì fún wa má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n ṣòfò. Kí ó dá Misturah àti àwọn àbúrò rẹ̀ sí fún ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti yunifásítì, tí orí rẹ̀ ṣì le,
Ọpẹ́yẹmí, Ìyá Gideon.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Bàbá Ìjọ ti ránṣẹ́ wá lábẹ́lẹ̀, ó fẹ́ fọ́tò orí fìlà yẹn. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé yóò wà níwájú pẹpẹ ní ìkórè ọdún tó ń bọ̀. Kó wá náwó lé e lójú gbogbo ìjọ.