Ilẹ̀ Wa ní Tchaada

Ìyá mi, mo kí yín o láti Libreville níbí. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa. Wọ́n gba ọmọbìnrin kan, Larissa, sí bíró, ibi iṣẹ́ wa. Èmi ni ọ̀gá ní kí n kọ́ ọ ní gbogbo iṣẹ́ mi, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe mọyì mi! Ó ti mọ̀ ọ́n tán báyìí. Mo pé ọdún mẹ́rìnlélógójì lánàá. Wọ́n ra gàtó, àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí, a jọ jẹ ẹ́.

Oko ẹ̀gẹ́ wa ní Tchaada níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi yá Rachad aládùúgbò wa, ẹ ní kó ṣe sùúrù ná. Ẹ má jẹ́ kí Albertine ìyàwó mi gbọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ sì wò ó bóyá ọkọ́ mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Èmi ọmọ yín,
Ọ̀ṣúnkúnlé