Màrìwò Tó Dí Ọ̀nà Atẹ́gùn

Ìlọ́fà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1983.

Bàbá Ọmọ́bọ́lá, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́ àti tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ reluwé kò wọ̀ yín lọ́rùn jù nínú ooru Kàdúná yẹn? Àwa níhìn-ín, ọpẹ́ ni. Màmá yín ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, Bọ̀dá Bándélé àbúrò yín ń wakọ̀ bí ẹni tó di sítíárì mú wá sáyé, ọmọ wa sì ti hu eyín kejì.

Ẹ ní kí Bọ̀dá Bándélé fi mọ́tò Dátsùn tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá yín gbé wa wá bá yín. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́ fún yín. Láti ìgbà tí ara ọmọ ti gbóná tí gìrì sì mú un lọ́jọ́ ìsìnkú, tí dókítà Òmù-Àrán sì kìlọ̀ pé kí a má jẹ́ kí ooru mú un jù, n kò sun oorun àsùnwọra mọ́. Mo ti pinnu pé bí ẹ́síì tó ń mú inú mọ́tò náà tutù kò bá fẹ́ dáadáa, n kò ní gbé ọmọ sójú ọ̀nà Kàdúná, bí ẹ tilẹ̀ bínú sí mi.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú a wà á lọ sí Ọ̀sí láti dán an wò. Fáànù ń hó gèè, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń jáde kò tó èyí tí arúgbó fi ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. A ṣí gíláàsì, eruku wọlé. A tì í, ooru bò wá. Òógùn rin aṣọ ọmọ gbingbin. Mo ń fọwọ́ kàn án lọ́rùn ṣáá títí àbúrò yín fi ní, "Ìyàwó wa, wàá fọwọ́ bó ọmọ yẹn láwọ̀ o."

Ó sọ fún Lazarus, mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ọ̀sí, pé gáàsì tó ń mú ẹ́síì tutù ló jò tán. Lazarus ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di páìpù mú, ó ní, "Gáàsì wà. Páìpù yìí tutù, ó ń làágùn. Ẹnu rẹ nìkan ni gáàsì ti ń jò. Òtútù wà nílé, atẹ́gùn tí yóò gbé e jáde ni kò rí ọ̀nà." Ó yí fáànù dé òpin. Ni nǹkan kan bá fò jáde, ó bà lé iwájú orí ọmọ. Mo mú un. Ewé ọ̀pẹ gbígbẹ ni.

Mo mọ ibi tó ti wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí màrìwò tí ẹ so mọ́ ìdí wáípà, lọ́jọ́ tí mọ́tò yìí ṣáájú èyí tó gbé òkú Bàbá wálé láti Ìlọrin? Màmá ní kí a má yọ ọ́. Òjò kò sì rọ̀ tí a ó fi nílò wáípà. Ọyẹ́ mú kó gbẹ, ó rún, ó sì ń dà sínú àwọn ihò ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí fáànù ti ń fa atẹ́gùn. Lazarus bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "N kò ní fọwọ́ kan ohun òkú láìjẹ́ pé ẹni tó ni òkú sọ̀rọ̀."

Ẹ kò mọ̀ pé láràárọ̀ ni Màmá ń fọwọ́ kan màrìwò yẹn, tí wọ́n á ní, "O kú iṣẹ́." Ta ni èmi tí n óò ní kí wọ́n yọ ọ́ nítorí atẹ́gùn? Mo rò pé wọ́n á ní ọmọ iléèwé yìí kò fẹ́ kí òógùn kan òun. Nígbà tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì fi ewé náà hàn wọ́n. Wọ́n gba ewé náà, wọ́n yí i wò. Wọ́n wá bi mí pé, "Orí ọmọ ló bà lé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ, wọ́n lọ síbi mọ́tò, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tú u. Wọ́n ní, "Ẹni tí a so ó fún ti dé ibi tó ń lọ. Ọ̀nà ọmọ ló kù."

Lazarus wá sí Ìlọ́fà lọ́jọ́ kejì. Ewé tó kó jáde kún igbá. Èyí tó ti kọjá síbi tí òtútù ti ń wá ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹní. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ti tan mọ́tò, atẹ́gùn gbé etí gèlè mi. Mo rí omi tó ń kán lábẹ́ mọ́tò, mo figbe ta pé ó ti bà á jẹ́. Lazarus rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òógùn ẹ̀ ni, ìyàwó. Bí kò bá kán ni kí o pariwo." Ọmọ́bọ́lá la ẹnu sí atẹ́gùn náà bí ẹni ń mu ún.

Nítorí náà, ẹ máa retí wa. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní ìdájí, la ó gbéra. N óò ṣì gbé omi àti aṣọ tútù dání, nítorí ẹ̀rù mi kò tíì lọ, ó kàn jókòó ni.

Kí Ọlọ́run tó gba Bàbá sí ìsinmi ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, kó sì bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. A ó fi ayọ̀ rí ara wa.

Èmi ni aya yín tòótọ́,
Keziah, Ìyá Ọmọ́bọ́lá.

Àfikún: Lọ́sàn-án, Màmá máa ń jókòó nínú mọ́tò náà, wọ́n á ní àwọn ń dán ẹ́síì wò. Àbúrò yín ní epo ń tán, mo ní kó jẹ́ kó tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbá yàrá kejì. Wọn kò tíì sọ pé àwọn ń bá wa bọ̀, ṣùgbọ́n láti àná ni wọ́n ti ń sá aṣọ wọn sí oòrùn.