Ọ̀rọ̀ Ọkùnrin tí Kò Dìde Nínú Sinimá Rẹ

Akọ̀wé mi, àkọ́bí mi obìnrin,

Kú ọjọ́ mẹ́ta, èyí tó ti di oṣù mẹ́rin. Kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀kùn tí o bá kàn ṣí fún ọ, kí ẹni tó bá rí ọ fẹ́ràn rẹ. Àmín. Ojú-ewé kan péré ni mo rà, nítorí náà mi ò ní fi ìkíni jẹ ẹ́ tán.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi òrùlé ẹ̀yìn tó ń jò síbi méjì. Mo ti dí ọ̀kan, a gbé garawa sábẹ́ èkejì. Orúnkún ìyá rẹ tó wú ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò rẹ ṣe ipò kẹrin nínú ọmọ mọ́kànlélógójì. Èmi náà ṣì ń ṣe bíríkìlà, ṣùgbọ́n ọgọ́rin búlọ́ọ̀kù ni mò ń tò lóòjọ́ báyìí, níbi tí mo ti ń to àádọ́jọ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ nìyí. Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ òpópónà wa ra ẹ̀rọ kan tó ń gbé àwòrán sára ògiri, iye tí èèyàn fi ń gẹrun lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wo sinimá. Ó wá sílé, ó ní ṣé mo mọ̀ pé sinimá tí ìwọ kọ ti jáde, pé ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kan tí nǹkan kò ṣẹnuure fún ni, pé èèyàn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo lọ. Iwájú ni mo jókòó sí, nítorí iye kan náà ni iwájú àti ẹ̀yìn.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ. Èyí kò yé mi, ṣùgbọ́n mo gbà á bẹ́ẹ̀. Yàrá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò: búlọ́ọ̀kù méje ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn, mo kà wọ́n, nítorí wọn ò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà. Ẹni tó mọ ògiri yẹn kò ta okùn sí i rárá, ìlà rẹ̀ wọ́. Onílé ń kan ilẹ̀kùn nítorí owó ilé oṣù márùn-ún, ọkùnrin náà bá gbé omi lásán kaná, ó ń fi ṣíbí rò ó kí onílé lè rò pé ó ń se oúnjẹ. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Gáàsì ni èmi ń rò. Iná lábẹ́ omi lásán, èrè wo ló wà níbẹ̀, ọmọ mi?

Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó ní, "Ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́, ohun tí èèyàn ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ni." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbá mi nítan, ó ní bàbá yìí mà le o. Ẹ̀rín kò wá sí ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ mi ni. Mo sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ tí o ń lọ, o gbé báàgì lọ́wọ́, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, àbúrò rẹ ní eré lásán ni. Mo ní bí ọ̀rọ̀ tèmi bá jẹ́ òótọ́, kí ló sọ ìyókù di eré?

Ìparí rẹ̀ ló já mi láyà. Ó ti ta bàtà, ó ti ta bẹ́ẹ̀dì, ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó kọjú sí ògiri. Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, kò dáhùn. Ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní funfun, tìrẹ ló ṣíwájú. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń gbọn ṣòkòtò. Mo dúró títí orúkọ fi tán, bóyá wọn á tún tan iná yàrá náà. Mo san owó lọ́jọ́ kejì, mo tún san lọ́jọ́ kẹta, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti dìde. Ìgbà náà ni Onígbàjámọ̀ dá owó mi padà, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti yà á tán. Kò lè dìde mọ́."

Ìyá rẹ bi mí bóyá òǹkọ̀wé náà jẹun. Mo ní ó jẹun, ó sì sùn. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Láti ìgbà náà mo ti pè ọ́ nígbà mọ́kàndínlógún. Ó ń dún, o ò gbé e. Ni mo bá kó owó òrùlé lọ sí báǹkì. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè ìdí tí mo fi ń fi owó ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ó lè dìde nílẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì fa ìlà sí i, ó ní kí n kọ ìrànlọ́wọ́. Mo bi í pé bí ẹni náà kò bá gbé fóònù ńkọ́. Ó ní owó á wọlé. Bó bá ń sùn ńkọ́? Ó ní á wọlé. Mo ní bó bá ju oorun lọ ńkọ́. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, báǹkì kò mọ ìyẹn. Owó á wọlé náà ni." Ó wá ṣàlàyé pé àti jáde owó kúrò nínú àkáǹtì ló yàtọ̀, pé ìka ọwọ́ olówó fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, owó ni mò ń tọrọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí bàbá tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn lórí sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó kéré jù tí báǹkì lè gbà. Bí wọ́n bá yọ owó iṣẹ́ wọn lára rẹ̀ tó tán, kò burú, mi ò ní í ná an. Ìka rẹ ni mo fẹ́ rí. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Aago méje ni mo ti ń débẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí Ọlọ́run fọwọ́ kàn ọ́ níbi tí ọwọ́ tèmi kò dé. Kí o sin wá, kí a má sin ọ́.

Bàbá rẹ ni.