Àwọn Ṣọ́jà Inú Ẹ̀jẹ̀ Mùkàrámà

Abà Ìdí-Osè,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kẹwàá, 2006.

Mùkàrámà, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Treichville, ní Abidjan níbẹ̀. Ṣé ara ń le díẹ̀díẹ̀? O kú àrafẹ́rakù Taïrou ọkọ rẹ. Ọlọ́hun tó mú un lọ kó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè rẹ̀, kó sì dá ìwọ sí fún mi. Àmín. Àwa níhìn-ín ń bẹ. Àgbàdo àrọ̀kúrò ti ń gbọmọ pọ̀n, ewúrẹ́ dúdú rẹ ti bí ìbejì, èyí akọ sì ti jẹ etí gèlè mi kan. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ ti sèso, tí o bá rí ibi tí ìlà ti wọ́ lọ sísàlẹ̀, ọwọ́ ló ń ro mí.

Lẹ́tà tí o fi rán Daouda, oníṣòwò aṣọ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin wa, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní láti ìgbà tí Taïrou ti kú ni ọgbẹ́ kékeré tí sísọ́ọ̀sì fi sí ọ lọ́wọ́ nídìí aṣọ lọ́jà kò ti jiná, ikọ́ kò lọ, ẹnu ń ṣe egbò, o sì ń gbẹ. O ní àwọn tí ẹ jọ ń tà ń fa àpótí ìjókòó wọn sẹ́yìn, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àrùn tí kò gbóògùn ló pa ọkọ, pé ó ti ran ìyàwó, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Taïrou ṣubú. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti gbé lẹ́tà sílẹ̀, mo lọ pọn omi tí n kò nílò, kí n tó lè ka ìyókù. Ọlọ́hun ṣe é, ìyókù tuni lára. O ní dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kò rí àrùn yẹn, kò sì rí ikọ́ ife. Ó ní àwọn ṣọ́jà kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí wọ́n ń lé àìsàn, pé ọ̀fọ̀ ọkọ ló mú kí ọwọ́ wọn rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ta ló lọ túfọ̀ Taïrou fún wọn níbi tí wọ́n wà? Ṣé wọ́n ń gbọ́ ọ tí o bá ń sunkún ni? Ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fà sínú ìgò ńkọ́, ṣé ó ti dá a padà? Tí kò bá tíì dá a padà, padà lọ bá a, nítorí ó lè jẹ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an ló fà lọ. Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá Faransé nìkan ni wọ́n ń gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé ó pẹ́ tí o ti wà ní Abidjan, àbí wọ́n ṣì gbọ́ Yorùbá, kí n lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù wọn ń bà mí díẹ̀ ṣá, nítorí ohun tí ojú yín ti rí lọ́dọ̀ ṣọ́jà nígbà ogun ní ìlú yẹn.

Mo lọ bi Bàbá Sìrájù, nítorí òun ló ṣiṣẹ́ ṣọ́jà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá o ń jẹun, bóyá o ń sùn. Mo ní o kọ ọ́ pé àtìẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiyín níbẹ̀, tí o rà máa ń kan mọ́ ọ lọ́wọ́, pé o kì í tíì fojú kan oorun títí ọkọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ yóò fi kọjá. Ó mi orí, ó ní, "Ṣọ́jà tí kò jẹun, tí kò sùn, igi ìdáná ló gbé kọ́ èjìká."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé nígbà tí Rábì ìyàwó rẹ̀ kú, eéwo tò sí òun lẹ́yìn bí ebè, òun tí ọta ìbọn kò bà rí. Ìgbà náà ni mo rántí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí bàbá rẹ kú, ẹ̀gún gún mi, ojú ọgbẹ́ náà kò pa dé láti ìgbà ìgbìn títí dé ìkórè. Wọ́n ní ayé ló ta mí, mo sì fẹ́ẹ̀ gbà. Àṣé àwọn ṣọ́jà tèmi náà ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ ni. Mo bi Bàbá Sìrájù bí tirẹ̀ ṣe lọ. Ó ní àǹtí òun wá ń jókòó kọjú sí òun nídìí abọ́, kì í sọ nǹkan kan, kì í sì í dìde títí òun yóò fi jẹun tán. Tèmi, ọmọ tí àbúrò bàbá rẹ bí ni wọ́n gbé fún mi wẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà jiná.

Ọkàn mi ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé o kì í dá gbé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, obìnrin kan ló máa ń gbé e, a máa sọ Faransé pẹ̀lú ohùn tútù. Mo máa ń kí i, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rí i pé o jẹun, mo sì máa ń wúre fún un, àmọ́ kì í jẹ́ kí n ṣe àmín kó tó lọ. Mo di gààrí àti irú fún un. Àná tí mo gbé e fún Daouda pé kó bá mi fún obìnrin tó ń bá Mùkàrámà gbé, ó gbé ẹrù náà sílẹ̀. Ó ní kò sí obìnrin kankan, ohùn ẹ̀rọ ni, ohun tó ń sọ ni pé o ti pa fóònù rẹ. Ó ní ìwọ nìkan lo wà nínú yàrá náà, o sì máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí.

Nítorí náà, mò ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò máa wo ewúrẹ́. Jọ̀wọ́, fi owó mọ́tò rán Daouda nígbà tó bá ń padà bọ̀, má fi sí báńkì. Ẹni tó wà ní báńkì Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n fọwọ́ síwèé, mo fọwọ́ sí i. Ó tún ní kí n fọwọ́ sí òmíràn, mo ṣe èyí dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ló bá ní kò jọra, kò fún mi lówó. Ṣé kí èèyàn má tẹ̀síwájú ni?

Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Ti àbọ̀, ó di ìgbà tí mo bá rí ọ tí o ń fọ abọ́ tí o fi jẹun.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí n ṣe ìrìn àjò òfo. Ilé tí o wà kò ní dá páropáro mọ́, ẹ̀rín yóò tún bá ọ níbẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàlámátù.