Bátìrì Tó Kún Láàárọ̀

Yèyé mi, ẹ kú ilé o. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tí mo fi yín sílẹ̀ ní Iléṣà lẹ́yìn tí a sin Bàbá tán. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Fúnmiláyọ̀, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ kú àìfararọ.

Ọyẹ́ mú gan-an ní Òṣogbo. Ètè mi ti là, yàrá mi sì dá páropáro. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn bátìrì ńlá tó ń tan iná yàrá iṣẹ́ abẹ bí iná ìjọba bá lọ. Bí mo bá ṣáájì wọn tán, mo máa ń fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa omi inú wọn. Nǹkan kékeré kan wà nínú ìgò náà. Bí ó bá léfòó sókè, bátìrì ti kún nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó léfòó sókè dáadáa nínú èyí tó pẹ́ jù, tí wọ́n ti rà kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi, Bàbá Múfútáù, pé yóò tan iná tó wákàtí mẹ́ta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn bàbá wa Òṣómàáló máa ń lóṣòó ti ẹni tó ra aṣọ àwìn títí yóò fi sanwó, àmọ́ ọmọ wọn kò lè jókòó ti bátìrì. Wọ́n ní kí n so gílóòbù mọ́ ọn, kí n máa wo aago. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí iná náà fi pọ́n bí ẹ̀yin iná tó ń kú lọ. Wọ́n wá ní ìgò lè sọ pé ìkòkò kún, kò lè sọ pé ìkòkò náà ti kéré sí i. Àfi kí èèyàn gbé iṣẹ́ fún un, kí ó sì jókòó tì í.

Yèyé, omi bọ́ lójú mi. Wọ́n rò pé ásíìdì, omi bátìrì tó máa ń ta ni lára, ló ta sí mi lójú.

Ẹ rántí ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo wá kí Bàbá. Láàárọ̀ yẹn wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti ń fọhùn bí ará Òṣogbo, wọ́n sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bẹ̀ mí pé kí n dúró di ìrọ̀lẹ́, pé Bàbá àárọ̀ kọ́ ni Bàbá ìrọ̀lẹ́. Mo ní ṣebí mo ti rí wọn, agbára wọn ṣì pọ̀. Mo sáré lọ sí gáréèjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni ìròyìn ikú wọn dé bá mi.

Nísinsìnyí ẹ ránṣẹ́ pé ara yín le, pé ẹ ń jẹun, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu. Ẹ dárí jì mí, n kò lè gba irú rẹ̀ gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn mọ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó jẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn fún wa. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, gbogbo Àbámẹ́ta ni n ó máa wá. N ó dé láàárọ̀, n ó sùn, n ó sì máa jókòó tì yín.

Èmi ọmọ yín,
Àjàyí