Àǹtí Kuini, Bàálù Ogun Tó Gbé Tamati Keepa Wọ Òkun

Kalifóníà ni wọ́n bí olóògbé Àǹtí Kuini sí lọ́dún 1969, sínú ìran àwọn bàálù ogun tí ara wọn kéré, tí ẹsẹ̀ wọn gùn, tí imú wọn sì ṣe ṣóńṣó. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé Àǹtí dé Niu Sílándì lọ́dún 1970. Nígbà tí wọ́n ń fà wọ́n gba ìgboro Ọ́kíláǹdì kọjá, ìyá àgbà kan dúró lẹ́nu géètì rẹ̀, ó ní, “Ṣé kinní bíńtín yìí náà ló máa gbà wá lọ́wọ́ ọ̀tá?”

Àwa mẹkáníìkì tó tọ́jú wọn ni ìdílé wọn. Rawiri Tutaki, olórí wa, ló sọ wọ́n ní orúkọ àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó máa ń kanra láàárọ̀. Bí òtútù bá mú, Àǹtí kì í dá wa lóhùn. Epo wọn kì í sì í yé jò. Bí ọ̀gá bá bèèrè, Rawiri á ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jò. Ọjọ́ tí wọn ò bá jò mọ́, epo ti tán nínú wọn nìyẹn.”

Àǹtí kò jagun rí. Orílẹ̀-èdè wa kéré, ogun kò sì wá wa wá. Àǹtí lé àwọn tó ń jí ẹja wa kó, wọ́n fò kọjá lórí àwọn arúgbó lọ́jọ́ ìrántí ológun, wọ́n sì yìnbọn sí yanrìn ní pápá ìdánrawò títí ó fi sú wọn. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni. Inú wa dùn sí ìyẹn, a ò ní purọ́.

Lọ́dún 1981, a kọ orúkọ Tamati Keepa, awakọ̀ tó jẹ́ ọmọ bíbí Oneroa létí òkun, sábẹ́ gíláàsì tó bo ìjókòó Àǹtí. Ohun tí à ń pè ní ìgbéyàwó nídìí iṣẹ́ wa nìyẹn. Awakọ̀ bàálù ogun kì í dá ara rẹ̀ so mọ́ àga. Mẹkáníìkì ló máa gun àkàbà tẹ̀lé e, tó máa so ìgbànú mọ́ ọn léjìká àti nítan, tó máa fà á títí yóò fi le. Rawiri ló ń so Tamati. Tamati á pariwo pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra o, mo ṣì fẹ́ bímọ sí i!” Rawiri á tún fà á sí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984 yìí, níbi ìdánrawò lórí òkun, Àǹtí wọ inú kùrukùru, wọn ò sì jáde mọ́. Àjákù apá wọn kan ṣoṣo ni òkun dá padà. A ò tíì mọ ohun tó pa wọ́n. Ó dùn wá, ó sì ń bí wa nínú, torí ọwọ́ wa ni gbogbo ara wọn wà.

Mereana Keepa, ìyá Tamati, kò gbà kí a ṣọ̀fọ̀ láìtíì rí òkú rẹ̀. Òkun Oneroa máa ń dá òkú àwọn ará ibẹ̀ padà. Etí omi yẹn ni wọ́n ti gbé òkú baba Màmá àti ti ọkọ wọn, apẹja làwọn méjèèjì. Nítorí náà, Màmá tẹ́ aṣọ tí ìdílé wọn fi ń bo òkú sórí yanrìn, wọ́n sì jókòó tì í nínú òjò. Aládùúgbò gbé ànàmọ́ gbígbóná wá, Màmá ò fẹnu kàn án, torí ẹni tó bá jókòó ti òkú kì í jẹun títí wọn yóò fi sin ín. Ikọ́ mú wọn, ó sì ń le sí i. Hinewai, ìyàwó Tamati, sunkún wá bá wa: “Ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀. Mo ti pàdánù ọkọ mi, mi ò fẹ́ sin àwọn náà mọ́ ọn.”

Rawiri lọ jókòó sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, àwa yòókù dúró lẹ́yìn.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

“Òtútù ń mú ẹ ni? Ìwọ máa lọ. Ọmọ mi ò ní gúnlẹ̀ kó má bá ẹnì kankan.”

“Kò ní wá, Màmá.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Èmi ni mo so ó.” Rawiri na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú Màmá. “Mo so ó le, bí mo ṣe máa ń so ó. Kò ráyè fò jáde. Òun àti Àǹtí jọ wà nísàlẹ̀ ni. Omi ò lè já ìgbànú yẹn.”

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ títí. A rò pé wọ́n máa gbá a létí.

“O so ó dáadáa?”

“Dáadáa, Màmá.”

“A jẹ́ pé omi ò ní máa gbá a kiri.”

“Rárá, Màmá. Ó jókòó ni.”

Màmá ká aṣọ náà nílẹ̀, wọ́n gbé e lé Rawiri lọ́wọ́, wọ́n sì dìde. “Ẹ lọ gbé apá bàálù yẹn wá sílé,” ni wọ́n wí. Màmá fúnra wọn ló tẹ́ aṣọ náà lé e lórí, bí ẹni ń bo òkú.

Àǹtí Kuini fi àwọn bàálù ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tí àwọn náà ti ń gbó, àti àwa mẹkáníìkì. Tamati fi Màmá Mereana sílẹ̀, àti Hinewai ìyàwó rẹ̀, àti Roimata ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń rìn.

Àǹtí wa, omi ibẹ̀ tutù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹ sinmi níbẹ̀. Ọmọ Mereana wà láyà yín. Ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ o.